Mo bá wọn ṣọdún Durga ní Kolkata

Wednesday, 18 October 2023

Ó lé ní wákàtí 30 láti Bengaluru ní gúúsù Íńdíà dé Howrah lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kolkata, bẹ́ẹ̀dì òkè pátápátá ni wọ́n sì fún mi nínú rélùwéè, tí mo bá ní kí n jókòó, orí mi á lu àjà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà ní kíláàsì ni, ilé wọn ní Kolkata là ń lọ, láti ṣọdún Durga, òrìṣà obìnrin kan tí àwọn Híńdù ń bọ. Bọ́rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: lóṣù tó kọjá mò ń wá yàrá, lándílọ́ọ̀dù kan bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́, àfìgbà tí mo débẹ̀ tó rí àwọ̀ mi ló ní haa, àbúrò òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá yẹn láàárọ̀ ni. Àwòrán òrìṣà tó tó mẹ́fà ló wà lára ògiri lẹ́yìn ẹ̀ o, pẹ̀lú òdòdó àti tùràrí. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Ọlọ́run ń gbé inú gbogbo èèyàn, àbí Ó ti kó kúrò nínú tèmi ni? Kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì ló ní kí n wá bá àwọn ṣọdún nílé.

Ìyá mi ti fi fọ́ìsì nóòtì mẹ́ta ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Aládùúrà ni wọ́n, wọn ò ní kí n má lọ, ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ò ju ẹyọ kan lọ: "Má bá wọn jẹ nǹkan tí wọ́n gbé síwájú òrìṣà o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́." Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Thursday, 19 October

Nígbà tá a kan Balasore, gbogbo kọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́. Ibẹ̀ ni rélùwéè ti forí gbárí lọ́jọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún yìí, èèyàn tó kú lé ní 280, ọ̀kan nínú àwọn rélùwéè yẹn sì ń bọ̀ láti Bengaluru gan-an, ọ̀nà tá a gbà yìí náà ni. Ìyá àgbà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó ń kùn nǹkan kan lẹ́nu. Èmi náà gbàdúrà tèmi lókè àjà níbẹ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ló ṣílẹ̀kùn, Kakima ni wọ́n ní kí n máa pè wọ́n, ìyàwó àbúrò bàbá ẹni ni ìtumọ̀ ẹ̀, bàbá ẹ̀ sì ni Kaku, ìyẹn àbúrò bàbá ẹni. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀, ó fi ọwọ́ yẹn kan orí ara ẹ̀. Ó wá kàn mí. Kí ni mo tún fẹ́ rò, mo kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, àyà mi kan tàílì. Kakima lọgun, wọ́n rò pé mo ṣubú ni! Ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé tán, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Kaku, wọ́n ní kí n tún un ṣe kí àwọn rí i dáadáa. Láti ìgbà yẹn, gbogbo àlejò tó bá wọlé ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Friday, 20 October (Shashthi, ọjọ́ kẹfà òṣùpá)

Òní ni wọ́n ṣí ojú Durga. Kò sí àdúgbò tí kò ní àgọ́ tiẹ̀, pandal ni wọ́n ń pè é, ọparun àti aṣọ ni wọ́n fi kọ́ ọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i ẹ ò ní sọ pé ọparun ni, òmíì dà bí ààfin, òmíì dà bí inú ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ará àdúgbò ló máa ń dáwó jọ, kọmítì á lọ láti ojúlé dé ojúlé. Lọ́dún 2021 ni UNESCO fi ọdún yìí sínú ìwé àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo aráyé, wọ́n sì kọ ọ́ sára bánà káàkiri kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé.

Ìtàn ẹ̀ ni pé ẹni burúkú kan wà, Mahishasura, tó máa ń di ẹfọ̀n, ó gba ìlérí pé ọkùnrin kankan ò ní lè pa òun, kò ka obìnrin sí rárá. Àwọn òrìṣà yòókù da agbára wọn pọ̀, obìnrin kan bá jáde nínú ẹ̀, ọwọ́ mẹ́wàá, ó gun kìnnìún, ó sì pa ẹfọ̀n náà. Ẹ wò ó, ìyẹn ni mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú fídíò. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ní Kolkata níbí, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ ti ogun yẹn. Ọmọbìnrin wọn ni wọ́n ń pe Durga. Ó ti lọ sílé ọkọ, ọ̀dọ̀ Shiva lórí òkè Kailash, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá kí ilé bàbá ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́rin, Lakshmi pẹ̀lú òwìwí ẹ̀, Saraswati pẹ̀lú ẹyẹ funfun tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, Ganesh olórí erin tó ń gun eku, Kartik tó gun ọ̀kín. Kakima dúró níwájú ẹ̀ ní pandal, wọ́n ń sọ fún un pé ó ti rù o, ṣé wọn ò fún un lóúnjẹ níbẹ̀ yẹn ni. Ohùn tí ìyá mi máa ń fi bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀rọ̀ tó bá ti Àkúrẹ́ dé gẹ́lẹ́ ni. Ọlọ́run téèyàn ń ṣàánú! Èmi tí wọ́n fi ìbẹ̀rù Ọlọ́run tọ́, mo dúró síbẹ̀ mi ò mọ ibi tí mo máa kó ọwọ́ mi sí.

A rìn káàkiri títí di aago mẹ́ta òru. Lójú ọ̀nà wọ́n ń ta àwọn àwòrán kàlẹ́ńdà òrìṣà, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo dúró tì, nítorí mo ti rí irú ẹ̀ rí ní Lomé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lórí ojúbọ Mami Wata. Àwọn àwòrán Íńdíà yìí ti wọ Togo àti Benin tipẹ́, àwọn tó ń bọ Mami Wata kàn gbà wọ́n sílé ni, wọ́n sì fún wọn lórúkọ tiwọn. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ mi, àmọ́ ariwo pọ̀ jù.

Saturday, 21 October (Saptami)

Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n jí mi, pé a fẹ́ lọ wẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní kí ni? Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré kan ni wọ́n gbé lọ sódò tìlù tìfọn, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ sárì fún un, wọ́n sì fà á bò ó lórí bí ìyàwó tójú ń tì, ẹ̀gbẹ́ Ganesh ni wọ́n gbé e sí. Igi mẹ́jọ mìíràn ni wọ́n so mọ́ ọn, ìrẹsì wà níbẹ̀, ata ilẹ̀ pupa wà níbẹ̀. Àwọn onílù, dhak ni wọ́n ń pe ìlù wọn, ó tóbi, wọ́n fi ìyẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń lù ú. Ìlù yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo nǹkan lọ. Ẹsẹ̀ mi ti ń jó kí n tó ráyè bá a wí.

Tá a padà dé, mo bi Kaku léèrè, ó ti ń jẹ mí lẹ́nu látàná. Mo ní Kaku, ẹ má bínú, ṣé amọ̀ yìí ni Ọlọ́run? Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò bínú. Wọ́n ní amọ̀ odò àti koríko gbígbẹ ni, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, a rí àwọn tó mọ ọ́n ní Kumartuli. Wọ́n ní a máa ń bẹ ẹ̀mí pé kó wá wọ̀ ọ́, tí ọdún bá parí a ó ní kó máa lọ, a ó sì da amọ̀ sódò. Wọ́n ní ṣé ìwọ máa ń pe fóònù rẹ ní ìyá rẹ torí pé ohùn ìyá rẹ ń jáde níbẹ̀? Mo dákẹ́. Wọ́n wá sọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù: nínú amọ̀ yẹn, àṣà àtijọ́ ni pé kí wọ́n lọ tọrọ erùpẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn aṣẹ́wó, tí kò bá sí i, ère ò tíì pé. Àwọn kan ní torí pé ọkùnrin tó bá wọlé yẹn máa ń bọ́ ìwà rere ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni, erùpẹ̀ ibẹ̀ ti wá kún fún ìwà rere. Àlàyé yẹn wù mí, àmọ́ mo bi wọ́n pé ṣé àwọn obìnrin yẹn ń wọ kọmítì? Kaku rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Oúnjẹ wá dé. Ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà wẹ́ẹ́rẹ́, ata ilẹ̀, bọ́tà àti oríṣiríṣi ewébẹ̀, khichuri ni wọ́n ń pè é, wọ́n ti gbé e síwájú Durga láàárọ̀, wọ́n wá ń bù ú fún gbogbo àdúgbò lórí ewé. Orí ilẹ̀ la jókòó sí ní ìlà gígùn, dókítà jókòó, ẹni tó ń fa ríkíṣọ̀ jókòó, àwọn kọmítì fúnra wọn ló ń bu oúnjẹ fún wọn. Ẹni tó jókòó sápá òsì mi, télọ̀ ni, Mùsùlùmí, òun ló rán aṣọ àgọ́ yẹn, ó ti ń jẹ tiẹ̀ lọ. Ewé dé iwájú mi. Òórùn ẹ̀ lásán! Mo rántí fọ́ìsì nóòtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo wo Kakima tí wọ́n ń wò mí látọ̀ọ́kán, wọ́n ti jí láti aago mẹ́rin. Nílé wa, bàbá mi Mùsùlùmí ni, ìyá mi tó jẹ́ aládùúrà ló ń se ẹran Iléyá, wọn ò tíì bi ẹran yẹn léèrè rí pé ta ló gbàdúrà lé e lórí. Mo jẹ ẹ́. Mo tún gbà síi.

Mi ò tíì sọ fún ìyá mi.

Sunday, 22 October (Ashtami)

Belur Math la lọ, ibi tí àwọn àgbà ẹlẹ́sìn Híńdù ń gbé. A ti kúrò nílé láàárọ̀ kùtù, síbẹ̀ èèyàn ti kún bí eéṣú. Vivekananda ló dá ibẹ̀ sílẹ̀, ọmọ Kolkata yìí náà tó lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àwọn ẹlẹ́sìn ní Chicago lọ́dún 1893. Ọdún 1938 ni wọ́n ṣí tẹ́ńpìlì ńlá tó wà níbẹ̀ báyìí, tẹ́ ẹ bá wò ó láti ibì kan ẹ ó sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, tẹ́ ẹ bá yí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ ó ní mọ́ṣáláṣí ni, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kan la wá wò. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan, kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà lọ, wọ́n wọ sárì pupa fún un, òdòdó lórí, wọ́n gbé e sórí àga, àwọn àgbà ẹlẹ́sìn aláṣọ olómi ọsàn wá ń tẹrí ba fún un, wọ́n fi òdòdó sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé iná yí i ká. Wọ́n ń bọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ Durga, torí wọ́n ní òun náà ni. Ọdún 1901 ni Vivekananda bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ yẹn ò rẹ́rìn-ín, kò sunkún, ìgbà kan ló họ imú. Mo ń wò ó mò ń rò ó pé lọ́la á tún padà di ọmọ tí wọ́n á máa jágbe mọ́ pé kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Kaku ní ọdún 1898 tí Vivekananda wà ní Kashmir, ọmọbìnrin atukọ̀ tó gbé e, ọmọ ọdún mẹ́rin, Mùsùlùmí, òun ló fi ṣe Durga ẹ̀. Ìyẹn ni mo kọ sínú fóònù mi kíákíá kí n má gbàgbé.

Níbi tá a ti ń jáde, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tò sẹ́yìn mi, ọ̀kan fọwọ́ kan irun mi láìbéèrè, wọ́n pè mí ní kalu, dúdú ni ìtumọ̀ ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà pè é kò dáa, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi tí wọ́n ti ń bọ ọmọ kékeré bọ̀ o. Mo kàn ń rìn lọ ní tèmi.

Alẹ́ dáa ju ọ̀sán lọ. Ní ìṣẹ́jú tí ọjọ́ kẹjọ òṣùpá ń di ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n tan fìtílà amọ̀ 108, wọ́n kó òdòdó lotus 108, mo wò ó dáadáa, ó jọ òṣíbàtà tiwa, àfi pé tiwọn pupa rẹ́súrẹ́sú. Iná ìjọba lọ díẹ̀ lásìkò yẹn, ẹnikẹ́ni ò bìkítà. Èmi nìkan ni mo pariwo "NEPA!" jáde lẹ́nu láìmọ̀.

Monday, 23 October (Navami)

Mo sọ ọ̀rọ̀ àná fún Kaku nígbà tá a jọ ń mu tíì. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n ní kí n wọ bàtà.

Dakshineswar ni wọ́n mú mi lọ, a wọ métírò débẹ̀. Ilé Kali ni, òrìṣà obìnrin mìíràn tí wọ́n ń bọ, ilé náà ní ṣóńṣó òrùlé mẹ́sàn-án, ilé kékeré ti Shiva méjìlá sì tò létí odò. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rani Rashmoni ló fi owó ara ẹ̀ kọ́ ọ, ọdún 1855 ni wọ́n ṣí i. Opó ni, olówó ni, àmọ́ ìran tó ti wá ò ga lójú àwọn Brahmin, ìyẹn ìran àwọn àlùfáà, nígbà tó kọ́lé tán wọ́n kọ̀, wọn ò ní wá ṣe àlùfáà ibẹ̀, wọ́n ní oúnjẹ tó bá ti ọwọ́ ẹ̀ wá, òrìṣà ò ní jẹ ẹ́. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ẹni tó gbà níkẹyìn ni ẹ̀gbọ́n Ramakrishna (Ramakrishna yìí ló wá di olùkọ́ Vivekananda), bí Ramakrishna fúnra ẹ̀ ṣe débẹ̀ nìyẹn, ó sì gbé ibẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Ọkùnrin yìí ní kò sí ẹ̀sìn tí kì í dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, kò sì fi ẹnu lásán sọ ọ́. Lọ́dún 1866 ó fi ọjọ́ bíi mélòó kan ṣe Mùsùlùmí, ó ń kírun, kò yọjú sí Kali rárá. Lẹ́yìn náà ó tún dojú kọ Jésù.

Ìlà tá a tò sí gùn, nígbà tó kàn mí mo rí Kali fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Òkúta dúdú ni. Dúdú kirikiri, ó yọ ahọ́n pupa, ó dúró láyà ọkọ ẹ̀, òdòdó pupa bò ó títí dé ọrùn. Obìnrin tó wà níwájú mi ń sunkún, ó ń pè é ní Ma, Ma. A jáde, lójú títì gan-an, pátákó ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń polówó ìpara tí ń bóni láwọ̀. Mo tọ́ka sí i. Mo ní Kaku, ẹ wo ìyẹn, ẹ wo òkè yẹn.

A lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn tó sọ̀ sínú odò. Kaku ní Ramakrishna máa ń sọ pé ọ̀nà jíjìn ló mú kí Kali dúdú lójú wa, bí omi adágún ṣe ń dúdú lókèèrè, tó o bá sún mọ́ ọn tó o bù ú sọ́wọ́, kò láwọ̀ kankan. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Kaku, ẹ má yọ àwọ̀ ẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kó dúdú báyẹn fún mi. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ó dáa.

Wọ́n ní kí ni ẹ ń pe èyí tó ń ṣàn yìí lédè yín? Mo ní omi. Wọ́n pè é, "ómì". Wọ́n ní Ramakrishna ní adágún kan ni, àtẹ̀gùn ẹ̀ pọ̀, Híńdù pọn tiẹ̀ níbí ó ní jal, Mùsùlùmí pọn tiẹ̀ lọ́hùn-ún ó ní pani, òyìnbó ní water. Inú wọn dùn pé àwọn ti rí ọ̀kan kún un.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kan ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ àná, ìtàn ejò ni wọ́n fi sọ ọ́. Ejò kan wà létí pápá tí kò jẹ́ kí àwọn darandaran rímú mí, ó ń bù wọ́n ṣán. Ẹlẹ́sìn kan ń kọjá lọ, ó kọ́ ejò ní àdúrà, ó ní má bu ẹnikẹ́ni ṣán mọ́, ejò ní òun gbọ́. Kò pẹ́ táwọn ọmọ fi rí i pé ejò ti dẹ̀, wọ́n sọ ọ́ lókò, ọ̀kan fà á nírù, ó fì í yíká, ó là á mọ́lẹ̀ lemọ́lemọ́, wọ́n rò pé ó ti kú. Nígbà tí ẹlẹ́sìn yẹn padà dé, ejò ti gbẹ bí okùn, òru nìkan ló ń jáde wá jẹ ewé. Ó ní kí ló dé? Ejò ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má bùùyàn ṣán. Ọkùnrin náà ní òpònú ni ọ́, bíbùṣán ni mo ní kó o fi sílẹ̀, ta ló ní kó o má fọn mọ́ wọn?

Mo rẹ́rìn-ín débi pé tíì dà sí mi lára. Kaku ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní lándílọ́ọ̀dù yẹn ńkọ́, ṣé o fọn mọ́ ọn? Mo ní rárá, mo ní "thank you, sir" ni. Wọ́n mi orí.

Tuesday, 24 October (Dashami)

Ọjọ́ ìdágbére. Àwọn abilékọ gun àkàbà, wọ́n fi ewé bẹ́tẹ̀ẹ̀lì nu Durga lójú, wọ́n fi súwíìtì kàn án lẹ́nu, wọ́n sọ nǹkan sí i létí, wọ́n wá ń fi ẹ̀tù pupa kun ara wọn lójú lẹ́rẹ̀kẹ́, kò pẹ́ gbogbo wọn pupa bí ẹni tó kun osùn. Ẹ̀gbọ́n Kaku obìnrin jókòó sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún nínú aṣọ funfun. Opó ni, wọ́n ní àwọn opó kì í ṣe é. Èyí ò bá mi lára mu, ilé tí opó kọ́ la lọ lánàá! Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí Kakima fi dìde, wọ́n fi ìka kan ṣoṣo fa ẹ̀tù pupa sí ìyá náà lẹ́rẹ̀kẹ́. Àwọn obìnrin méjì kan wo ara wọn. Ìyá náà fi etí sárì bo ibẹ̀, àmọ́ kò nù ún kúrò.

Alẹ́ la tẹ̀lé ọkọ̀ akẹ́rù lọ sódò. Wọ́n gbé Durga yípo lẹ́ẹ̀méje, wọ́n sì jù ú sómi. Mo rò pé á rì lẹ́ẹ̀kan náà, rárá, ó léfòó, ojú ẹ̀ wo òkè, àwọ̀ ń bọ́ lára ẹ̀. Gbogbo wọn ń ké pé lọ́dún tó ń bọ̀ á tún ṣẹlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ń ké, omijé ń dà lójú ẹ̀. Kírénì ìjọba ti ń dúró, ó yọ egungun koríko àti ọparun jáde kó má baà ba odò jẹ́. Bá a ṣe dé àdúgbò wọ́n ń dì mọ́ra wọn lẹ́ẹ̀mẹta, apá ọ̀tún, apá òsì, apá ọ̀tún, télọ̀ yẹn dì mọ́ mi tí egungun mi fi ró, àwọn ọmọdé ń fọwọ́ kan àwọn àgbà lẹ́sẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Kaku àti Kakima, wọ́n sì ti mọ̀ báyìí, wọn ò lọgun mọ́.

Wednesday, 25 October

Rélùwéè alẹ́ ni. Kakima di àgbọn sínú ike fún mi, wọ́n fi ṣúgà pupa ká a róbótó róbótó, naru ni wọ́n ń pè é, ogún ẹyọ, wọ́n ní ti ìyá mi ni. Ìyá mi pè lórí fídíò bí wọ́n ṣe ń dì í, mo fún Kakima ní fóònù, ìkíní-kejì ò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ wọ́n sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ìyá mi ń sọ pé "ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín náà," Kakima ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí mo gba fóònù padà, ìyá mi ní kí ló wà nínú ike yẹn. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, ṣé wọ́n gbé e síwájú òrìṣà? Mo bi ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi bi Kakima, Kakima ní bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó dáa jù níbẹ̀ gan-an làwọn ṣà fún un. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé nẹ́tíwọọkì ti lọ.

Wọ́n ní, "Àgbọn lásán náà ni àbí? Ó dáa, bá mi tọ́jú tèmi."

Mo ní December ni mò ń bọ̀ nílé, á ti bàjẹ́ nígbà yẹn. Wọ́n ní kí n lọ tọrọ àyè nínú fíríìjì.